Ìgbà Kejì Kì Í Ṣe Igbákejì

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Màmá Àkànkẹ́ wọ ọ́fíìsì tísà ìṣirò ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì kan ní Madina, ní Accra. Ó ti ilẹ̀kùn, ó pa fèrèsé dé, ó sì jókòó kí ẹnikẹ́ni tó ní kó jókòó.

Tísà tó bá nínú yàrá náà ń jẹ́ Ọláṣẹ̀hìndé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, Sabon Zongo, ní Accra níbẹ̀, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti dàgbà. Ẹ̀jìgbò ni bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ ohun tí Ọláṣẹ̀hìndé mọ̀ nípa Ẹ̀jìgbò kò ju orúkọ rẹ̀ lọ. Bí bàbá rẹ̀ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá a lóhùn. Bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá pè é wá jẹun, Twi ni yóò fi sọ pé òun ń bọ̀. Etí rẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ni kò lọ sílé-ìwé rẹ̀.

Màmá Àkànkẹ́ ní tirẹ̀, ọṣẹ ló ń tà ní ọjà Madina, ó sì ti tà á fún ọgbọ̀n ọdún. Kò sí èdè tí oníbàárà lè gbé dé iwájú àtẹ rẹ̀ tí kò ní fèsì: Twi, Gà, Hausa. Nítorí náà, nígbà tí tísà fi Twi kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kì í ṣe pé kò gbọ́. Ṣe ló na ìka sí pákó fẹ́lẹ́ tó pààlà láàárín wọn àti yàrá kejì, níbi tí àwọn tísà yòókù ti ń jẹun ọ̀sán. Ìró bí wọ́n ṣe ń rún egungun ẹja lọ́hùn-ún dà bí ẹni pé orí tábìlì yìí ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

"Twi ni gbogbo àwọn yẹn gbọ́," ó ní. "Ọ̀rọ̀ Tamílọ́rẹ ni mo bá wá. Mo rí orúkọ yín lára ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní tiwa."

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Tamílọ́rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ń gbé láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kó lọ sí Kumasi. Èsì ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Nínú iṣẹ́ mẹ́jọ tó ṣe, méje dára. Ìkẹjọ, tí í ṣe ìṣirò, bọ́ sí E8. Bẹ́ẹ̀, ilé-ìwé nọ́ọ̀sì tí ọmọ náà fẹ́ wọ̀ kì í gba ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá wálẹ̀ ju C6 tí wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì lọ. Màmá Àkànkẹ́ sì ti sọ fún ìdajì ọjà Madina pé nọ́ọ̀sì ti dé ilé òun. Ìdajì tó kù, àwọn ìdajì àkọ́kọ́ ló sọ fún wọn.

Ọláṣẹ̀hìndé wo obìnrin náà. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò tíì sí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ tó ní kó jẹ́ káwọn sọ ọ́ ní tiwọn. Ó sì pẹ́ tó ti ń dùn ún pé òun kò fi èdè bàbá òun dá bàbá òun lóhùn rí títí tó fi lọ. Ó pinnu pé lónìí, òun yóò dáhùn.

"Màmá," ó ní, "ọ̀nà kan ò wọjà."

Kò sí àléébù kankan lára ohun tó sọ. Òwe tí bàbá rẹ̀ máa ń pa láràárọ̀ ni, ohùn bàbá rẹ̀ gan-an ló sì fi pa á. Ojú Màmá Àkànkẹ́ là, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ tó lè pa òwe báyìí, ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ohun tó ní lọ́kàn ni. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

"Tamílọ́rẹ gbọ́n," ni tísà wí. "Àmọ́ kò ní kírẹ́díìtì."

"Mo fi kírẹ́díìtì sí i fún un lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti tán?"

"Kì í ṣe ti fóònù, Màmá. Ti ìṣirò."

"Ó ń fi fóònù ṣe ìṣirò?" Ojú Màmá Àkànkẹ́ le. "Àbájọ tó fi kùnà."

Ọláṣẹ̀hìndé mi orí, ó wá ọ̀nà mìíràn gbà á. Ó ní kì í ṣe Tamílọ́rẹ ló ń béèrè kírẹ́díìtì, ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ló ń béèrè rẹ̀. Wọn kì í gba ọmọ wọlé láìsí kírẹ́díìtì. Màmá Àkànkẹ́ mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní ó ti yé òun. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni Ọláṣẹ̀hìndé tó mọ̀ pé ohun tó yé e ni pé ẹnìkan nílé-ìwé nọ́ọ̀sì ń retí kí wọ́n fi kírẹ́díìtì ránṣẹ́ sórí fóònù òun.

"Ìyẹn ò le," ni Màmá Àkànkẹ́ wí. "Kí ló kù?"

Ohun tó kù ni kí ọmọ náà tún ìdánwò ṣe. Ìdánwò kan wà fún àwọn tó bá fẹ́ tún un ṣe, tí gbogbo Accra ń pè ní Nov-Dec, ìbáà jẹ́ oṣù wo ni wọ́n ṣe é. Ọláṣẹ̀hìndé fẹ́ sọ pé ìgbà kejì wà. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i kedere lọ́kàn ara rẹ̀. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó ti ọkàn dé ẹnu, ohùn tó yẹ kó lọ sílẹ̀ ti gun òkè.

"Tamílọ́rẹ máa ní igbákejì," ó ní.

Màmá Àkànkẹ́ kò mira. "Igbákejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Igbákejì ló máa ṣe ìdánwò náà."

Màmá Àkànkẹ́ wo ilẹ̀kùn, ó wo pákó fẹ́lẹ́ náà, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ọláṣẹ̀hìndé rò pé ọ̀rọ̀ òun ló ń wọ̀ ọ́ lára. Òun náà sún mọ́ ọn.

"Ṣé irú ẹ̀ wọ́pọ̀ níhìn-ín?"

"Lọ́dọọdún, Màmá. Igbákejì ló gba ọ̀pọ̀ ọmọ là."

"Ìjọba ò mọ̀ sí i?"

"Ìjọba mọ̀. Àwọn ni wọ́n ṣètò ẹ̀."

Màmá Àkànkẹ́ béèrè bóyá igbákejì yìí tilẹ̀ máa ń yege. Ọláṣẹ̀hìndé fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó ní ó sábà máa ń dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ẹ̀rù kì í fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Màmá béèrè bóyá wọ́n máa jọra. Tísà ronú nípa àwọn ìbéèrè inú ìdánwò méjèèjì, ó ní wọ́n á jọra gan-an, àmọ́ wọn ò ní jẹ́ ọ̀kan náà. Màmá wá béèrè, pẹ̀lú ohùn tí kò ju mímí lọ, pé fọ́tò ta ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù.

"Ti Tamílọ́rẹ," ni tísà wí. Ó tiẹ̀ yà á lẹ́nu pé ó ń béèrè.

Màmá Àkànkẹ́ di ojú, ó sì là á. Ó ní kí tísà jẹ́ kí òun gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kí ló yẹ kó kọ́kọ́ wáyé?

"Kí igbákejì tó dé," ni Ọláṣẹ̀hìndé wí, "ọṣẹ mẹ́wàá."

Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè kó lè yé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló ní lọ́kàn, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ tún ìdánwò ṣe. Àmọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ta ọṣẹ. Tí ọ̀rọ̀ náà bá fẹ́ lọ síbòmíràn, kò sí ọ̀nà.

"Ta ló máa gbà á?"

"Èmi fúnra mi ni mo máa mú un." Ó fi ọwọ́ lé àyà, kí obìnrin náà lè mọ̀ pé òun kò ní fi ọmọ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. "Tísà méjì míì wà, àwọn náà máa mú tiwọn lọ́tọ̀."

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Ọ̀gá mọ̀. Inú ẹ̀ dùn sí i."

"Ó parí síbẹ̀?"

"Ó ku ẹ̀kọ ọsàn. Lójoojúmọ́, láti aago méjì."

Ẹ̀kọ́ ọ̀sán ló fẹ́ sọ, ìyẹn kíláàsì tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí àwọn ọmọ yòókù bá ti lọ sílé. Màmá Àkànkẹ́ ti jẹ ẹ̀kọ funfun, ó ti jẹ ti pupa, ó sì ti jẹ ẹ̀kọ tí àwọn ará Gáná ń sè tí wọ́n ń fi ata sí. Kò tíì rí ẹni tó fi ọsàn po ẹ̀kọ rí.

"Ẹ̀kọ ọsàn," ó tún un sọ. "Èèyàn mélòó?"

"Bí ogún. Wọ́n máa gbà á pa pọ̀ ni, nínú kíláàsì kan ṣoṣo."

Ìyá àgbà náà dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì gbé àpò rẹ̀ sí apá. Kò pariwo rárá. Àmọ́ nígbà tó máa sọ̀rọ̀, gbogbo "ẹ" tó ti fi ń bọ̀wọ̀ fún tísà láti ìbẹ̀rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Gbọ́, ọmọ yìí. Mo wá bi ọ́ léèrè ọ̀nà, ọ̀nà ẹ̀wọ̀n lo fi hàn mí. Kírẹ́díìtì, mo gbà. Ọṣẹ, n ò ní purọ́ fún ọ, mo ti fún àwọn kan rí kí wọ́n lè tètè dá mi lóhùn. Ẹ̀kọ ọsàn, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é, ǹ bá wádìí ẹ̀. Àmọ́ kí ẹlòmíràn lọ jókòó sórí àga ọmọ mi, kó máa fi orúkọ ẹ̀ kọ̀wé? Tamílọ́rẹ kùnà ni. Kò jalè."

Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé tí inú rẹ̀ dùn sí i náà báyìí, Twi lòun sì máa fi sọ ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí gbogbo ayé gbọ́.

Ọláṣẹ̀hìndé gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá náà sọ, kò sí ẹyọ kan tó jábọ́ níbẹ̀, torí etí rẹ̀ kì í tàsé. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ó ń wá a kiri nínú ọkàn rẹ̀ bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ó mọ̀ pé tísà tí wọ́n bá ti pè ní olè ìdánwò lẹ́ẹ̀kan, kí òtítọ́ tó wẹ̀ ẹ́ mọ́, wọ́n á ti gbé àga rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó gbọ́ pé àwọn tó ń jẹ egungun ẹja lọ́hùn-ún ti dákẹ́.

Ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Twi yẹn, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Jẹ́jẹ́."

Màmá Àkànkẹ́ rò ó wò, ó sì rí i pé ìyẹn kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn méjèèjì bá tẹ̀ sórí tábìlì náà, orí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí, wọ́n ń sọ Twi wúyẹ́wúyẹ́ bí àwọn tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Màmá ní tísà sọ pé ẹlòmíràn ló máa ṣe ìdánwò náà. Tísà ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, òun ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò tún un ṣe. Màmá ní kò sí àtúnṣe kankan nínú gbogbo ohun tí òun gbọ́. Tísà bá lọ sídìí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Ó fi ìka kan oṣù tí wọ́n ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, ó ní, "Tamílọ́rẹ." Ó ṣí ewé kàlẹ́ńdà náà lọ síwájú, ó fi ìka kan oṣù mìíràn, ó ní, "Tamílọ́rẹ."

Màmá Àkànkẹ́ wo kàlẹ́ńdà náà. Ó wá wo ẹnu tísà.

"Ìgbà kejì lo fẹ́ sọ?"

"Ohun tí mo sọ nìyẹn, Màmá."

"Kì í ṣe ohun tí o sọ nìyẹn. Tún un sọ kí n gbọ́."

"Igbá kejì."

"Igbá lo gbé lérí yẹn. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ọláṣẹ̀hìndé mí kanlẹ̀. "Ìgbà kejì."

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n. Kí ló dé tí o ò kúkú sọ pé lẹ́ẹ̀kejì?"

Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò wá sí òun lọ́kàn.

Màmá Àkànkẹ́ padà jókòó. Ó gbé ìka kan sókè, ó béèrè pé ọṣẹ mẹ́wàá ńkọ́. Tísà ka ọjọ́ Àìkú mẹ́wàá fún un lórí kàlẹ́ńdà. Ó béèrè pé ẹ̀kọ ọsàn ńkọ́. Tísà na ọwọ́ sí pátákó ìkọ̀wé, lẹ́yìn náà ó ṣí fèrèsé tí ìyá náà ti pa dé, ó na ọwọ́ sí oòrùn tó wà lókè. Èjìká Màmá Àkànkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò fẹ́ kí àwọn ará ìhà kejì gbọ́, nítorí náà ó fi etí ìró bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ọláṣẹ̀hìndé gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rántí pé òun sọ pé inú ọ̀gá dùn sí i, ó fi orí lé àwọn ìwé tó ń máàkì, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rín náà ṣe é bó ṣe fẹ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Màmá Àkànkẹ́ nu ojú. "Ẹ" ti padà sẹ́nu rẹ̀ nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀.

"Tísà, ọjọ́ wo lẹ máa ń kọ́ wọn ní ìṣirò lọ́dún tó kọjá?"

Ó sọ fún un. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, àti ọjọ́ Jímọ̀. Ti ọjọ́ Jímọ̀ ló gùn jù, wákàtí méjì gbáko.

Màmá Àkànkẹ́ fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọdún tó kọjá ni orúnkún náà kò ti jẹ́ kó lè gbé páálí ọṣẹ láti yàrá ìkẹ́rù dé ibi àtẹ. Ọjọ́ Jímọ̀ lọjà ń kún jù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Tamílọ́rẹ ń bá a gbé e, tí yóò sì dúró tì í títí di ìrọ̀lẹ́.

"Ó ní kò sí nǹkan gidi tí wọ́n ń ṣe nílé-ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀," ó ní. "Mo sì gbà á gbọ́, torí ó wù mí kí n gbà á gbọ́." Ó wo tísà lójú. "Ṣé èmi ni mo mú kó kùnà?"

Ọláṣẹ̀hìndé fa ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó ṣí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Tamílọ́rẹ, àlàfo ọjọ́ Jímọ̀ tò léra wọn wálẹ̀ bí eyín tó ká. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ni, ó ní ogójì gbólóhùn tó rọ̀ tí ì bá fi dì í fún un. Nínú èdè bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ kò pọ̀ tó èyí tí èèyàn lè fara pamọ́ sí.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Màmá," ó ní. "Kì í ṣe orí ẹ̀."

Ó ṣọ́ra gan-an kó tó sọ ọ́, gbogbo ohùn rẹ̀ sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ ọ délẹ̀. Ó jọ pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ìdajì kejì sì gbé ẹrù kan kúrò ní àyà rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé gbogbo òru ọ̀sẹ̀ yìí lòun fi ń ronú bóyá ọmọ náà ò mọ̀wé ni.

Lẹ́yìn náà ni Ọláṣẹ̀hìndé wá to àwọn ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti ṣìnà, Màmá Àkànkẹ́ á gbé ọwọ́ sókè, á dá a padà, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Àkọ́kọ́ ni kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí ọmọ náà tún ìṣirò nìkan ṣe. Èkejì ni kó fi ọdún kan gbáko lọ sí ilé-ìwé àwọn tó ń tún ìdánwò ṣe, kó tún gbogbo rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn ilé-ìwé gíga kan wà tí wọ́n ń kọ́kọ́ gba ọmọ sí kíláàsì ìgbaradì, tí wọ́n á kọ́ ọ ní ohun tó kù díẹ̀ káàtó kí wọ́n tó gbà á wọlé gan-an, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kọ́ni níṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀kẹta wu Màmá Àkànkẹ́ díẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjà á gbọ́ pé ọmọ ti wọ ilé-ìwé gíga, ẹnu á sì pa dé. Tísà ní òótọ́ ni, àmọ́ nọ́ọ̀sì tó bá fi ìṣirò sílẹ̀ lẹ́yìn, oògùn aláìsàn ni yóò ṣì wọ̀n. Màmá wo orúnkún rẹ̀. Kò tún dárúkọ ẹ̀kẹta mọ́.

"Ká ní ọmọ yín ni ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá," ni tísà wí. Ó sọ ọ́ re. "Àmọ́ ọjọ́ Jímọ̀ wà níbẹ̀."

Màmá Àkànkẹ́ kò tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní èyí tí òun bá lè gbé lọ́jọ́ Jímọ̀ lòun á gbé, èyí tí òun kò bá lè gbé á dúró sí yàrá ìkẹ́rù. Ọṣẹ kì í bàjẹ́. Ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kíláàsì tí tísà gbé fún un, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bá àwọn tísà mẹ́ta tí wọ́n dúró sítòsí ju bó ṣe yẹ lọ, tí gbogbo wọn ń wo àwo tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ó kí wọn ní Twi, ní ohùn tó dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ó ní ọmọ òun fìdí rẹmi nínú ìṣirò, ó ń bọ̀ wá tún un ṣe, bí wọ́n bá sì rí i ní kọ́rídọ̀, kí wọ́n má ṣe wò ó bí ẹni pé ẹnìkan kú.

Tamílọ́rẹ wá ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ ni Ọláṣẹ̀hìndé ti rí ibi tí ilé ti jò. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ igun àti òbìrípo, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà kò sì rí ọ̀kan nínú wọn rí. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó sọ ìtàn tó sùn lọ láàárín rẹ̀. Kò mọ́ ọn lára láti béèrè nǹkan tẹ́lẹ̀, torí ẹni tí kò wá kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò wá. Nígbà tí kò sí àṣírí tó ń bò mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, kò sì dákẹ́ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ń dúró lẹ́yìn kíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, òun ló ń ṣàlàyé òbìrípo fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn.

Màmá Àkànkẹ́ náà máa ń yà lọ́fíìsì bí ó bá ń ti ọjà bọ̀. Ọláṣẹ̀hìndé á kí i ní Yorùbá. Òun á sì dá ọ̀rọ̀ kan padà fún un nígbà gbogbo, bí oníbàárà tó dá aṣọ tí wọ́n rán wọ́ padà fún télọ̀, á ní kó lọ tún un ṣe wá. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kò rí ọ̀kan dá padà. Ó dúró díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ó ń wá a, kó tó máa lọ.

Ọmọ náà ṣe ìdánwò. Oṣù díẹ̀ kọjá, èsì jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Màmá Àkànkẹ́ mú ìwé èsì náà wá. Kò ti ilẹ̀kùn, kò sì pa fèrèsé dé. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì. Ọláṣẹ̀hìndé wò ó, ó sì rí B3. Ó dìde lórí àga rẹ̀ láìmọ̀ pé òun dìde.

"Màmá, ẹ kú oríire," ó ní. "Orí ọmọ náà pé. Ọjọ́ wo ló ń wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì?"

Màmá Àkànkẹ́ jókòó, ó sì wo tísà bí ẹni tó ń wo ará ilé tó ba nǹkan jẹ́.

"Kò lọ mọ́," ó ní. "Ó ní ìṣirò lòun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì. Àtàná ló ti ń sọ ọ́, kò jẹ́ ká sùn."

Ọláṣẹ̀hìndé kò mọ bóyá kí òun bẹ̀ ẹ́ ni tàbí kí òun dúpẹ́. Ó ń wá èyí tí yóò sọ nínú méjèèjì, ní èdè tí yóò fi sọ ọ́, nígbà tí ìyá àgbà náà mi orí, tó sì fa ìwé èsì náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Afárá ni mo ní kí ẹ bá mi mú ọmọ yìí kọjá, Tísà," ó ní. "Ẹ wá lọ kọ́lé fún un sórí ẹ̀."